Garawa Tí Wọn Kò Kà Mọ́ Ẹ̀rọ Omi

Ọmọ mi, akọ̀wé ìjọba,

Mo kí ọ, mo kí àga tí o jókòó lé, mo sì kí fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọ lórí. Iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ o, pàápàá lásìkò yìí tí ẹ ń ta ohun gbogbo. Ìyá rẹ kí ọ. Orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ti fúyẹ́, tòsì ló kù.

Fọ́ọ̀mù tí ọ́fíìsì yín fi ránṣẹ́, pé ká sọ bóyá kí ìjọba gbé ẹ̀rọ omi wa fún iléeṣẹ́ aládàáni, ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo fara balẹ̀ kà á, o ṣáà mọ̀ pé ẹni tó fi ọdún mẹ́tàdínlógójì tún kẹ̀kẹ́ ṣe kì í kánjú. Ìbéèrè kìíní ní ṣé iṣẹ́ ìjọba lórí ẹ̀rọ náà tẹ́ mi lọ́rùn gan-an, tàbí díẹ̀, tàbí kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Ó dà bí ẹni ń bi opó pé báwo ni ìwà ọkọ rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ọdún kọkànlá rèé tí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ ti fẹ̀yìn tì, tó ní kí n bá òun mú kọ́kọ́rọ́ dání di ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé ọ̀hún ni mo ṣì ń retí. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, mo fi àmì sí “gan-an.”

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí ẹ tó ka ìdáhùn wa, ni àwọn oníléeṣẹ́ dé láti dán ẹ̀rọ wò. Bàtà ọ̀gá wọn mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá rẹ fi ní kó rọra máa tẹ ilẹ̀ wa. Ó ní ìjọba kò mọ nǹkan án tọ́jú, àwọn ló mọ̀ ọ́n. Ó ka ohun tó wà nínú ilé ẹ̀rọ sínú ìwé: ẹ́ńjìnnì kan, táǹkì kan, páìpù mẹ́rin, kọ́kọ́rọ́ kan. Mo tọ́ka sí garawa mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ní èyí ńkọ́. Ó ní pàǹtí ni, kí n gbé e kúrò. Mo dúpẹ́, mo ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún wọn, mo gbé garawa mi lọ sílé.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ọ, bóyá wọn kò kọ́ yín ní yunifásítì. Ẹ̀rọ yẹn ti dàgbà. Bí afẹ́fẹ́ bá wọ inú páìpù rẹ̀, afẹ́fẹ́ náà ni yóò máa fà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àfi kí o kọ́kọ́ da omi garawa kan sí i lẹ́nu, díẹ̀díẹ̀, kó tó rántí iṣẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pọn garawa kan sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kí n tó pa ẹ̀rọ. Ìwà ìjọba gan-an ló ní: kọ́kọ́ fún un mu, kó tó fún ọ mu.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi tan ẹ̀rọ. Ó ń pariwo, kò gbé omi wá, mítà tuntun tí wọ́n dè mọ́ ọn sì ń yí. Mo gbé garawa lọ, ẹ̀ṣọ́ wọn ní ẹni tí kò ní káàdì kì í wọlé. Mo pe nọ́ńbà tó wà lára ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin kan gbé e, ó ní ìpè mi ṣe pàtàkì sí àwọn. Inú mi dùn, kò sí ẹnikẹ́ni nínú ìjọba tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Mo béèrè àlàáfíà àwọn òbí rẹ̀, ó ní kí n tẹ ookan. Mo tẹ̀ ẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ ní ó ti rẹ ọmọ ọlọ́mọ, kí n jẹ́ kó sinmi. Ọmọ mi, ẹ wá ẹni tí yóò máa ràn án lọ́wọ́.

Ní gbogbo ọjọ́ yẹn, odò ni ìyá rẹ ń lọ, tòun ti orúnkún òsì rẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó ṣubú lójú ọ̀nà. Kò farapa púpọ̀, omi inú garawa orí rẹ̀ kò sì dànù tán. Mo gbé èyí tó kù, mo kọjá lára ẹ̀ṣọ́ láìkí i, mo dà á sí ẹ̀rọ lẹ́nu níṣojú ọ̀gá wọn. Ẹ̀rọ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, omi dé. Ọ̀gá ní ta ló kọ́ mi. Mo ní ìjọba ni, gan-an.

Ó ti wá fún mi ní fọ́ọ̀mù mìíràn, pé ṣé ìjọba ló ni garawa ni àbí aládàáni. N kò mọ èyí tí n ó fi àmì sí, ìwọ tó kàwé, bá mi wò ó. Ṣùgbọ́n ti àtijọ́ ti ń jò, nítorí náà fi owó garawa onírin méjì ránṣẹ́, àti ti òróró tí ìyá rẹ yóò fi pa orúnkún. Má fi í sínú fóònù mi o, bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ kú, n kò fẹ́ kí owó bá a lọ. Fún awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀.

Bí garawa bá dé, n ó gbé ọ̀kan fún ìjọba, n ó gbé ọ̀kan fún iléeṣẹ́. Èyí tó bá rántí pọn tirẹ̀ kún ní ìrọ̀lẹ́, òun ni kí ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún. Títí dìgbà náà, ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Wọ́n gbàgbé láti gbà á.

Ọlọ́run yóò máa fi omi tútù pàdé rẹ lọ́nà, kò ní jẹ́ kó o fi orúnkún wá a.

Èmi ni bàbá rẹ, atúnkẹ̀kẹ́ṣe.