Ohun Tí Fóònù Bàbá Rẹ Kà Síta

Ilé wa,
Ọ̀sán Sátidé.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, nọ́ọ̀sì mi,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Mo gbàgbọ́ pé ara rẹ le, pé iṣẹ́ ọsibítù kò tíì sọ ọ́ di ẹni tó ń tòògbé lórí ìdúró, àti pé o ń jẹun bí ènìyàn. Bí o bá fẹ́ mọ̀ nípa tiwa, a wà láàyè, a sì ń dúpẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi kò yọ mí lẹ́nu lóṣù yìí. Ara bàbá rẹ náà le, ọkàn rẹ̀ ni kò yá.

Mo mọ̀ pé o ti ń pè é tí kò gbé fóònù. Kì í ṣe pé ó ń bínú sí ọ. Ó ti pa fóònù náà, ó wé e sínú àkísà kan, ó sì tì í sábẹ́ ìdì pankẹ́rẹ́ tó fi ń hun àga nínú ṣọ́ọ̀bù. Ìwé ni mo ní kí n kọ sí ọ nítorí pé bí mo bá ní kí n sọ ọ́ lórí fóònù tèmi, ẹkún kò ní jẹ́ kí n sọ ọ́ délẹ̀, ìwọ náà á sì máa pariwo pé, "Màámi, mi ò gbọ́ o, ẹ tún un sọ." Mo sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará àdúgbò, tí wọ́n ti sọ Bàbá Fáníṣì, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ, di olè. Kò jalè. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn fún ọ.

Ìwọ lo ra fóònù tó ń sọ̀rọ̀ yẹn, ìwọ lo sì fi gbogbo ìsinmi rẹ jókòó ti bàbá rẹ, tí ò ń kọ́ ọ bí yóò ṣe máa fi ìka ra ojú rẹ̀ kó lè máa ka ohun tó wà níbẹ̀ fún un. Má dá ara rẹ lẹ́bi. Láti ìgbà tí ojú bàbá rẹ ti fọ́, n kò tíì rí ohun tó dá iyì rẹ̀ padà tó fóònù yẹn. Oníbàárà á sanwó àga, fóònù á kéde pé owó ti wọlé, bàbá rẹ á sì gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sanwó fún ẹni tó ń kó pankẹ́rẹ́ wá. Kò na owó sí ẹnikẹ́ni mọ́ pé kí wọ́n bá òun wò ó, èló ni.

Àmọ́ o mọ oríkunkun rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fi sétí tí o fi ránṣẹ́ ṣì wà nínú páálí rẹ̀. Ó ní etí lòun fi ń mọ ẹni tó wọlé, etí náà lòun fi ń mọ̀ bí pankẹ́rẹ́ bá fẹ́ kán lọ́wọ́ òun, òun kò lè tìtorí fóònù dí i. Nítorí náà, gbangba ni fóònù ń ka gbogbo nǹkan. Bí o bá kọ̀wé pé inú ń run ọ́, gbogbo ẹni tó bá wá ra àga lọ́jọ́ náà ló máa bá wa kẹ́dùn. A kàn ń fi rẹ́rìn-ín ni.

N kò ní láti ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé Bàbá Fáníṣì fún ọ, ẹ̀yìn rẹ̀ lo ti máa ń sùn ní kékeré. Ìwọ náà lo sọ ọ́ ní orúkọ yẹn nítorí òórùn fáníṣì tó fi ń kun àga lẹ́yìn tí bàbá rẹ bá hun ún tán. Nígbà tí ojú bàbá rẹ lọ, òun ló di ojú fún un. Òun ló ń sọ àwọ̀ igi fún un, òun ló ń ka ohun tí fóònù kò lè kà. Wọ́n á sì máa bú ara wọn látàárọ̀ dalẹ́. Bàbá rẹ á ní fáníṣì rẹ̀ ń rùn bí oògùn eku, òun náà á fèsì pé àga bàbá rẹ wọ́ bí ẹ̀yìn arúgbó.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, yàrá ìránṣọ mi ni mo wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù, mo ń rán aṣọ àwọn ọmọ ilé-ìwé, ariwo máṣíìnì kò sì jẹ́ kí n gbọ́ nǹkan kan. Ẹnu àwọn méjèèjì ni mo ti gbọ́ ohun tí mò ń kọ yìí. Ẹnìkan pe bàbá rẹ, ó ní báńkì lòun ti ń pè. Bàbá rẹ ní ohùn ọ̀gbẹ́ni náà tutù, ó sì kí òun bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Ó ní báńkì ń tún orúkọ gbogbo èèyàn kọ, ẹni tí kò bá ṣe é lónìí, àkáǹtì rẹ̀ á tì pa. Bàbá rẹ ní òun ò ríran, kó jẹ́ kí òun mú ìyàwó òun dání wá sí báńkì. Ọ̀gbẹ́ni náà ní, "Háà, Bàbá! Kí lẹ tún ń da ara yín láàmú sí? Orí fóònù la ti máa ń bá irú ẹ̀yin ṣe é."

Ó wá ní kí wọ́n ka nọ́ńbà ara káàdì báńkì fún òun. Fóònù kò lè ka káàdì, bàbá rẹ sì nà án sí Bàbá Fáníṣì. Bàbá Fáníṣì yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Ọ̀rẹ́, ṣé wọ́n máa ń ka eléyìí fún èèyàn ṣá?" Bàbá rẹ ní, "Kà á jàre, báńkì ni." Ó kà á, iwájú àti ẹ̀yìn.

Ibi tí inú mi ti ń ru jù lọ nìyí. Nígbà tí wọ́n kà á tán, olè yẹn sọ fún bàbá rẹ pé, "Nọ́ńbà kan máa wọlé sórí fóònù yín báyìí. Àṣírí yín ni o, Bàbá. Ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kódà ẹ má sọ ọ́ fún èmi. Ẹ ṣáà má gé fóònù." Ohun tó mú kí bàbá rẹ fọkàn tán an pátápátá nìyẹn, pé olè wo ló máa ní kí èèyàn má sọ àṣírí fún òun? Ó pa ẹnu mọ́. Ó ṣe díẹ̀, ọ̀gbẹ́ni náà dúpẹ́, ó ní ó ti parí, ó sì ṣàdúrà fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹni tó ń ta pankẹ́rẹ́ kó ọjà wá. Bàbá rẹ tẹ fóònù láti sanwó, kò lọ. Ó tún un tẹ̀. Fóònù fi ohùn kan náà tó fi máa ń kéde owó sọ fún un pé kò sí nǹkan kan nínú àkáǹtì mọ́. Gbogbo ohun tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti fọ́ ló lọ ráúráú. 

A sáré lọ sí báńkì. Wọ́n ní ẹni tó kó owó náà lo nọ́ńbà àṣírí tí àwọn fi ránṣẹ́ sórí fóònù bàbá rẹ, wọ́n sì bi í ta ló sọ ọ́ fún. Bàbá rẹ búra pé òun kò la ẹnu òun sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, òótọ́ ló sì sọ. Wọ́n wá bi í pé ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí nọ́ńbà náà wọlé, ta ló di káàdì mú. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà fún un láti dá.

Mo bá a jà dójú ikú nílé. Mo ní, "Bàbá Nọ́ọ̀sì, ọ̀rẹ́ yín yìí? Ẹni tó ń yọ ẹ̀gún lọ́wọ́ yín?" Ó ní ta ló tún ríran nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Kí n tó mọ ohun tó ń lọ, ó ti dé tésàn, àwọn ọlọ́pàá sì ti wá mú Bàbá Fáníṣì lójú gbogbo àdúgbò, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Kò bá wọn jà. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun dé agolo fáníṣì òun kó má bàa gbẹ. Àtìmọ́lé ló sùn. Wọ́n tú fóònù rẹ̀ wò, wọ́n tú ilé rẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Àmọ́ o mọ ẹnu èèyàn. Àwọn tó ń gbé àga wá fún un nílé kò wá mọ́, ìyàwó rẹ̀ ò sì lè gba ojú ọ̀nà kọjá kí wọ́n má pòṣé sí i.

Lẹ́yìn èyí ni ọmọbìnrin kan tó ń bójú tó ẹ̀sùn ní báńkì pe bàbá rẹ. Fóònù tèmi ló kọ́kọ́ pè, ó bá mi sọ̀rọ̀ kí ó tó pe tirẹ̀, nítorí náà mo jókòó tì í. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ wọlé, èyí tí o fi ní kó má gbàgbé oògùn ẹ̀yìn rẹ̀. Fóònù sì kà á síta gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Ọmọbìnrin náà ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yìn ń dùn yín ni?" Bàbá rẹ ní, "Ta ló sọ fún ọ?" Ó ní, "Fóònù yín ni. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀." Ó wá bi í jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Ṣé bó ṣe ka nọ́ńbà ọjọ́ yẹn nìyẹn, tí olè yẹn ṣì wà lórí ìlà?"

Bàbá rẹ na fóònù náà sí mi. Olè náà kò bèèrè nọ́ńbà nítorí pé kò ní láti bèèrè. Ó ti gbọ́ pé afọ́jú ni, ó sì ti gbọ́ fóònù tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kàn dúró kí fóònù fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún òun ni. Èmi ni mo bá ọmọbìnrin náà sọ̀rọ̀ parí. Ó ní báńkì kì í pe èèyàn kó bèèrè nọ́ńbà ara káàdì, ẹnu yòówù kó fi kíni. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá pè bẹ́ẹ̀, ká gé e, ká fẹsẹ̀ ara wa wá. Ó sì ní kí àwọn tí fóònù wọn ń sọ̀rọ̀ máa fi nǹkan sétí, tàbí kí wọ́n pa ohùn rẹ̀ bí wọ́n bá ń gba ìpè lọ́wọ́. Jọ̀ọ́, sọ fún àwọn aláìsàn rẹ tí ojú ń dùn. Owó náà kò padà wá o.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo mú bàbá rẹ lọ́wọ́ lọ sílé Bàbá Fáníṣì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń sunkún, kò sì mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ àga lòun kọjú sí. Bàbá Fáníṣì fúnra rẹ̀ ló gbé e dìde, tó gbọn yẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ nù. Ó ní, "Ọ̀rẹ́, mo ti dárí jì ọ́. Ọkàn mi mọ́ sí ọ. Ṣùgbọ́n mi ò lè wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Bí fóònù rẹ bá ti dún báyìí, àyà mi á já. Bí o bá sì tún ní kí n bá ọ ka nǹkan, màá purọ́ fún ọ pé mi ò mọ̀wé." Ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá fún wa, a mu ún, a sì dìde.

Láti ọjọ́ náà, bàbá rẹ ń hun àga, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ látàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo gbé máṣíìnì mi lọ sínú ṣọ́ọ̀bù kí ó lè máa gbọ́ ariwo kan. Inú mi bàjẹ́, ọmọ mi, n kò ní tàn ọ́ jẹ. Bí o bá ráyè, má pè, wálé.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ ní àlọ àti àbọ̀ rẹ. Ọwọ́ tí o fi ń tọ́jú èèyàn kò ní rọ. O kò ní rí ìjà ẹni tó mọ̀ ọ́, o kò sì ní ṣì fura sí ẹni rere. Wà á ṣe orí ire, wà á sì bá wa láyọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ,
Màámi.

Ọ̀rọ̀ tó kù: Ẹni tó ni àga tí Bàbá Fáníṣì ń kùn lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n mú un wá béèrè rẹ̀ lánàá. Mo ní kí a wá ẹlòmíràn tó ń kun àga kó parí rẹ̀, bàbá rẹ kọ̀ jálẹ̀. Ó dín owó rẹ̀ kù fún un, ó fi ọwọ́ pa apá ibi tó ti dán títí dé ibi tí kò dán, ó sì jẹ́ kó máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀.