Ẹ̀gbọ́n Rẹ Tí Mo Rí Lórí Koríko

Idiat Àwẹ̀ró, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Èkó? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o gbọ́ ìròyìn tí yóò mú ọ káwọ́ lérí, ohun tí o bá sì dáwọ́ lé, yóò yọrí sí rere. Èmi náà wà, àfi òtútù. Wọ́n ní ìgbà ooru wọn nìyí, súwẹ́tà méjì ni mo sì wọ̀ kọ lẹ́tà yìí. Abdulwasiu ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ, tí mo torí rẹ̀ wá sí Calgary ní Kánádà níbí, ti hu eyín kan. Mardiyah ìyá rẹ̀ ń kí ọ.

Mo mọ̀ pé wàá béèrè ìdí tí mi ò fi pè ọ́. Fóònù ibí máa ń gbé ojú èèyàn jáde, mi ò sì fẹ́ kí o rí ojú mi kí o tó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi.

O mọ̀ pé iléeṣẹ́ epo ni Abdulhafeez ẹ̀gbọ́n rẹ ti ń ṣe ẹnjiníà. Láti ìgbà tí mo ti dé ilé wọn ní New Brighton, àràárọ̀ ló ń wọ kóòtù, tó ń gbé báàgì, tó ń ní Màmá, mo ń lọ sí ọ́fíìsì o, èmi á sì ṣàdúrà fún un lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí mo gbọ́ tí àwọn èèyàn wa ní mọ́ṣáláṣí ń sọ pé owó epo ti já wálẹ̀, mo ní Alhamdulillah, torí nílé, ìgbà tí epo bá wọ́n la máa ń sunkún. Mo tiẹ̀ dìde láàárín wọn, mo ṣàdúrà kó túbọ̀ já wálẹ̀ sí i. Kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Mo rò pé wọn ò gbọ́ ohùn mi ni.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, Mardiyah kò lọ síṣẹ́. Ìyá àgbà kan tó tọ́jú ní ọsibítù wọn ní Seton ti fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì ìdíje tẹ́nìsì, ló bá ní ká lọ wòran. Ó wa mọ́tò, èmi pọn ọmọ nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Okotoks.

Idiat, mi ò rí irú koríko bẹ́ẹ̀ rí. Ó tutù yọ̀yọ̀, wọ́n gé e mọ́lẹ̀ bí orí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, kò sì sí ewúrẹ́ kan nítòsí. Obìnrin méjì tó wọ aṣọ funfun bí ẹni ń lọ Mẹ́kà ń fi ohun tó jọ asẹ́ gàrí gbá bọ́ọ̀lù kékeré síra wọn. Ọkùnrin kan jókòó sórí àga gíga. Mo ṣe bí lẹ́mọ́mù ni, torí tó bá ti lanu, gbogbo èrò á dákẹ́. Ẹni tí kò tíì rí nǹkan kan gbà nínú eré náà, “love” ni ó ń pè é. Mardiyah ní ìfẹ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ní ó dára tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ tútù rẹ ẹni tí ń pàdánù lẹ́kún. Gbogbo wa ń yí ọrùn sọ́tùn-ún sósì, ibẹ̀ dákẹ́ bí ilé òkú.

Ìgbà tó yá, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà yọ̀ ṣubú, bàtà rẹ̀ sì hú koríko. Ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wọlé, ó kúnlẹ̀, ó ń tẹ koríko náà padà. Ẹ̀yìn ló kọ sí wa. Ṣùgbọ́n ìpàkọ́ ọmọ tí mo pọ̀n, tí mo sì fá, kò lè ṣì mí lójú.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo fi oríkì rẹ̀ pariwo pè é, mo ní Àlàó o! Ọkùnrin orí àga ní kí n jọ̀wọ́, kí n dákẹ́. Gbogbo èèyàn yíjú sí mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ gbójú sókè, ó rí mi, ó rí ìyàwó rẹ̀. Ó rìn wá síwájú wa, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí koríko. Òyìnbó kan sáré gbé àpótí oògùn wá, wọ́n rò pé ó dákú ni. Mo ń fi Yorùbá bẹ̀ wọ́n pé ara rẹ̀ yá, èmi ni ìyá rẹ̀, ó ń kí mi ni.

Ó dìde, ó padà lọ parí iṣẹ́ rẹ̀. Mo ní ká máa lọ sílé, Mardiyah ní rárá, a máa jókòó títí yóò fi ṣíwọ́. A sì jókòó.

Nínú mọ́tò ló tó ṣàlàyé. Ó ní kí n tó dé ni iléeṣẹ́ ti dá òun àti gbogbo ẹ̀ka òun dúró lẹ́nu iṣẹ́, nítorí owó epo tó já wálẹ̀. Òun rò pé òun á tètè rí òmíràn kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Bí mo sì ṣe ń fayọ̀ ṣàdúrà lẹ́nu ọ̀nà, ẹnu òun kò gbà á mọ́. Mardiyah ní kì í ṣe iṣẹ́ koríko ló dun òun, iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́. Ó ní àwọn ṣẹ́ẹ̀tì tí òun ń lọ̀ ní gbogbo òru Sunday fún ọ́fíìsì tí kò sí ni ó dun òun. Ó sunkún, ẹ̀gbọ́n rẹ náà sunkún, ìgbà yẹn ni ọmọ wá sùn. Mo na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, mo gbá orí ẹ̀gbọ́n rẹ mú bí mo ṣe máa ń ṣe tí ibà bá ń ṣe é ní kékeré.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé ló wọ̀ jáde lójú gbogbo wa. Mardiyah kò bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó di oúnjẹ fún un.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Má béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ ná. Lọ sílé, bá mi ta àgbò méjì tó wà lọ́dọ̀ Bashiru àbúrò bàbá yín, kí o fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ síbí. Tí nǹkan bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ ìwọ náà, fi kún un. Mo gbọ́ pé náírà máa ń rù lójú ọ̀nà òkè òkun bí ẹran inú tírélà, nítorí náà, má jẹ́ kí wọ́n rẹ́ ọ jẹ lórí àgbò. Tí ọmọbìnrin inú báńkì bá rẹ́rìn-ín pé Kánádà ló ń fowó ránṣẹ́ sí wa, wọn kì í gbà á lọ́wọ́ wa, sọ fún un pé snow ò ní pẹ́ dé, koríko á kú, ọmọ mi sì wà níbẹ̀.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ. Ọmọ ìyá rẹ kò ní dá nìkan jìyà lójú rẹ, ìwọ náà kò ní dá nìkan jìyà lójú rẹ̀.

Èmi ni ìyá yín,
Mọ́nsúrátù