Ìkànnì Tí Mo Gé Láìwọ̀n

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nínú ìlera. Èmi náà wà, ara ò le jù, àmọ́ inú ń bí mi, n ò sì ní purọ́ fún ọ.

O rántí pé dókítà ojú ní tó bá fi máa di ọdún tó ń bọ̀, mo lè má rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kó iṣẹ́ ìránṣọ mi sórí ìkànnì, kí ẹni tí kò mú abẹ́rẹ́ rí lè wò ó, kó sì kọ́ ọ, bí ojú mi tilẹ̀ lọ. O ní, "Màámi, ẹ kọ́kọ́ ya á sórí bébà, kò le rárá." Kò le rárá! Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Mi ò ya á. Ẹ̀kọ́ mẹ́rìndínlógún ni mo tò sójú ìwé kan ṣoṣo, torí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kọ́ni ní ṣọ́ọ̀bù: gbogbo ọmọṣẹ́ nínú yàrá kan, kálukú ń wo ọwọ́ ẹnìkejì. Mo fi àwòrán abẹ́rẹ́ tó ń rìn sí i, mo fi fídíò sí i, mo tún fi orin sí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko!

Baba Dírẹ́bà ni mo fi dán an wò, aládùúgbò wa tí ìyàwó rẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá, tó ń fi pín-ìnnì de ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì tí bọ́tìnnì rẹ̀ ti já. Bó ṣe ṣí i báyìí, orin mẹ́rìndínlógún gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, abẹ́rẹ́ ń sáré sókè sódò, fóònù bá dákú. Nígbà tó jí, baba wá ọ̀nà àbọ̀ síbi tó ti bẹ̀rẹ̀ títí, kò rí i. Ó ní, "Ìyá Aránṣọ, mo wakọ̀ fún ogójì ọdún, n ò sọnù rí àfi lónìí." Ẹ̀rín ń pa á. Èmi wọ yàrá lọ, mo sunkún.

Ohun tó dùn mí jù ni pé èmi yìí náà ni mo máa ń gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ ọmọṣẹ́ tó bá fẹ́ gé aṣọ láìwọ̀n ọ́n. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Èmi kọ tìrẹ.

Ni mo bá fa bébà tí mo fi ń gé aṣọ yọ, mo mú ṣọ́ọ̀kì. Mo ya ẹnu ọ̀nà kan tí èèyàn á gbà wọ ìkànnì. Ẹ̀kọ́ kan, ojú ìwé kan, àwòrán kan péré tó ń rìn. Ohùn mi kò sì ní sọ̀rọ̀ àfi béèyàn bá tẹ̀ ẹ́. Ibi kan náà ni mo fi ọ̀nà àbọ̀ sí níbi gbogbo. Bébà yẹn ni mo wá ń wò tún ìkànnì náà ṣe. Mo ń bínú sí ọ bí mo ṣe ń ṣe é, torí o kì í gbé fóònù.

Lánàá, Baba Dírẹ́bà dá ṣí i nílé rẹ̀. Ó wá kan ilẹ̀kùn mi, ṣẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, bọ́tìnnì tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán lára ṣẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí n wò ó bóyá ó wọ́. Ọmọ mi, n ò rí i dáadáa. Ìka ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò. Mo fà á, kò já.

Olúwa á pa yín mọ́. Ọwọ́ rẹ kò ní rọ, ojú rẹ á ríran dalẹ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó ṣì ń bínú.

Àfikún: Ẹ̀kọ́ mẹ́ta péré ni mo tíì rí tún gé. Mẹ́tàlá ló kù, ojú yìí ò sì dúró dè mí. Tó o bá tún fẹ́ sọ pé kò le rárá, wá sílé wá sọ ọ́.