Nọ́ńbà Tí Wọ́n Fún Wa Níbi Iṣẹ́ Rẹ

Ọmọ mi kan ṣoṣo,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ márààrún náà ń gbádùn? Mo mọ̀ pé mẹ́jọ ni wọ́n tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó kù là ń kí. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n dá dúró, kí Ọlọ́run ṣí ọ̀nà míì fún wọn. Kó má sì jẹ̀ẹ́ kí ọ̀gá tó dá wọn dúró rántí pé ó ku ìwọ. Àmín.

Ní ti àwa nílé, òrùlé kò jò. Ewúrẹ́ aládùúgbò jẹ ìdajì ṣẹ́ẹ̀tì tí mo sá, mo sì ti dárí jì í. Tábìlì iṣẹ́ mi ṣì wà lẹ́bàá fèrèsé, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n, mi ò lè tún aago ọwọ́ ṣe mọ́, aago ara ògiri nìkan ni mò ń gbà. Ìyá rẹ kò tíì dìde. Mi ò fẹ́ fi ìyẹn ṣáájú, nítorí náà jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe ń wá ọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, kí o lè rí i pé mi ò fọwọ́ lẹ́rán.

O rántí ọjọ́ tí o pè kẹ́yìn. O ń sunkún, o ní àwọn olùkọ́ yunifásítì ń pè ọ́ lórí oúnjẹ, wọ́n ń pè ọ́ nínú balùwẹ̀, pé ẹ̀kọ́ tí àwọn gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kò ṣí, pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nílé wọn kò rí ìdánwò wọn. O ní o ti sọ fún gbogbo ayé pé ẹnikẹ́ni tó bá ń wá ọ, kó lọ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sójú ewé ìrànlọ́wọ́ yín, kó gba nọ́ńbà, kó dúró kó kàn án, torí tí wọ́n bá ń pè ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan báyìí, orí rẹ á dàrú. Mo gbọ́, mo sì gbà. Èmi tí mo ti ń tún aago ṣe láti ọdún méjìlélógójì, mo mọ iyì nọ́ńbà. Aago kankan kò wọ ṣọ́ọ̀bù mi rí kí n má fi òwú so páálí kékeré mọ́ ọn, kí n kọ nọ́ńbà sí i. Èyí tó bá kọ́kọ́ dé ni mo máa kọ́kọ́ tú. Kódà nígbà tí bàbá mi gbé tirẹ̀ wá, ẹ̀yìn ìyàwó kápẹ́ńtà ló tò sí.

Nítorí náà, nígbà tí ìyá rẹ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, tí apá òsì rẹ̀ kò gbé mọ́, tó ní òun fẹ́ rí ọ, mi ò pè ọ́. Mi ò fẹ́ kí orí rẹ dàrú. Mo gba ọ̀dọ̀ tíṣà tó ti fẹ̀yìntì lọ, obìnrin tó ń gbé nílé kejì sí tiwa, ó bá mi ṣí ojú ewé náà lórí fóònù.

Ìbéèrè ibẹ̀ pọ̀ ju ti ọlọ́pàá lọ. Wọ́n ní kí ni nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́ mi, mo ní kí tíṣà kọ ọjọ́ tí a bí ọ, torí mi ò ní òmíràn. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ wo ni mò ń kọ́, mo ní mi ò kọ́ nǹkan kan, èmi ni bàbá ọ̀gá wọn. Wọ́n ní kí n mú ìṣòro mi nínú mẹ́rin: bóyá mo gbàgbé páásìwọ́ọ̀dù, bóyá fídíò kò ṣí, bóyá èsì tí mò ń retí kò tíì dé, tàbí òmíràn. Tíṣà ní òmíràn ni ká mú. Mo ní ìyá ọmọ mi kì í ṣe òmíràn. A jiyàn títí, mo mú èyí tí mò ń retí tí kò tíì dé, torí òun ló sún mọ́ ọn jù.

Kò tó ìṣẹ́jú kan tí wọ́n fi dáhùn. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní nọ́ńbà mi ni 40,817. Mo jókòó. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tó ń pa ọ́ lẹ́kún. Mo ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn páálí: bí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ márààrún bá dá ogún èèyàn lóhùn lójúmọ́, ó lé ní ọdún kan kó tó kàn wá. Mi ò sọ fún ìyá rẹ. Mo ní ó ti ń sún mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ kọ̀wé pé kí n pa fóònù mi, kí n tún un tàn. Mo ṣe é dáadáa. Àárọ̀ ni mo pa á, kó lè sinmi, ìrọ̀lẹ́ ni mo tàn án. Ìyá rẹ ní ó ṣeé ṣe kí o ti pè láàárín ìgbà yẹn. Mo ní àṣẹ ni.

Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, wọ́n tún kọ̀wé. Wọ́n ní wọ́n ti yanjú ọ̀rọ̀ mi, wọ́n sì ti tì í. Ọmọ mi, mo fá irùngbọ̀n. Mo gbá iyàrá rẹ. Mo gbé àga síta, mo ń wo gbogbo ọkọ̀ tó bá dúró, títí oòrùn fi wọ̀.

Wọ́n ní kí n fi ìràwọ̀ sọ bí inú mi ṣe dùn tó, láti orí ẹyọ kan dé márùn-ún. Tíṣà ní kí n fún wọn ní ẹyọ kan, kí ojú tì wọ́n. Mo ní ká má rí i. Ìwọ lo sọ fún mi pé ìràwọ̀ wọ̀nyí ni àwọn ọ̀gá rẹ ń kà, pé wọn kì í béèrè bóyá ẹ̀kọ́ yé akẹ́kọ̀ọ́, iye ọ̀rọ̀ tí ẹ tì ni wọ́n ń béèrè, òun ni wọ́n sì fi lé àwọn mẹ́ta yẹn. Ṣé èmi ni màá wá lé ẹnì kẹrin? Mo tẹ márààrún.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bá ọ sọ ọ́ bí ọ̀gá iṣẹ́ sí ọ̀gá iṣẹ́. Kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ báyìí. Tí aago bá ti ń ṣiṣẹ́, kò tíì tán. Màá gbé e kọ́ fún ọjọ́ méje, màá máa fi wé ti rédíò. Tí ẹni tó ni í bá dé, màá ní kó fi sétí. Ojú onítọ̀hún ni màá wò, mi ò ní wo aago. Bí ojú rẹ̀ bá tú ká, ìgbà náà ni màá já òwú. Má sì kó iṣẹ́ àwọn tó lọ lé orí ara rẹ. Èmi ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún tí ọmọ iṣẹ́ mi méjì lọ, ojú ọ̀tún mi ló bá a lọ.

Mo mọ̀ pé ibí yìí ló yẹ kí n ti béèrè owó. Má fi owó ránṣẹ́. Wò ó bóyá o lè bá wa wá nọ́ńbà kékeré kan, èyí tí kò ju ọgọ́rùn-ún lọ. Mi ò ní kí o fi wá ṣáájú ẹni tí ìṣòro rẹ̀ le ju tiwa lọ. Bí ìyẹn bá sì lòdì sí òfin ibi iṣẹ́ yín, sọ fún mi, màá tún lọ tò láti ẹ̀yìn. Mo fi lẹ́tà kọ èyí torí lẹ́tà kì í dún síni létí lẹ́nu iṣẹ́.

Kí Ọlọ́run tó ń gbọ́ tèmi láìgba nọ́ńbà máa gbọ́ tìrẹ. Kó fún ọ ní oorun. Kó má jẹ̀ẹ́ kí o wá wa tì.

Èmi ni bàbá rẹ, alátùn-únṣe aago.

Mo gbàgbé: ìyá rẹ kí ọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já geere mọ́, àfi kí n tẹ́tí. Kò béèrè ìgbà tí wàá dé mọ́, nọ́ńbà tó kàn ló ń béèrè. Lánàá, ó ní kí n kọ tiwa sí páálí, kí n so ó mọ́ òun lọ́wọ́, kí ẹ má baà ṣì wá mú nígbà tó bá kàn wá. Mo ti so ó. Mi ò sọ fún un pé wọ́n ti tì í. Ìwọ ló máa já òwú náà.