Èsì Àyẹ̀wò Bàbá Kò Ṣí

Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Rọ̀kíbà,

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́: ẹsẹ̀ kan bàtà Màmá ti sọnù láti ọjọ́ Jímọ̀. Gbogbo ilé kí yín àti ọkọ yín ní Kánádà. Iṣu ta dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ti sú mi. Mo fi kọ̀ǹpútà ti èsì àyẹ̀wò kíndìnrín Bàbá pa. Àgádágodo rẹ̀ kò béèrè orúkọ. Irú ẹni tí èèyàn jẹ́ ló ń wò. Bàbá ní, “Ọmọ mi tó ti ní ìdílé nìkan ni kó ṣí i.” Àpọ́n ni mí, kò ṣí. Bàbá gbìyànjú, kò ṣí: wọn kì í ṣe ọmọ ara wọn.

Bàbá ní, “Ohun tí o kọ́ ní Pólì nìyí?”

Ẹ̀yin nìkan lẹ yẹ. Dókítà ń retí rẹ̀ lọ́la. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i láti ọ̀hún lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọlọ́run ò ní ti ilẹ̀kùn ire mọ́ yín.

Àbúrò yín,
Lúkúmọ́nù

ÌKÉDE: A ti rí ìwé èsì náà tí ilé ìwòsàn kọ́kọ́ fún Bàbá, Màmá ló fi bo abọ́ gaàrí. Àwọn àlejò tó wá kí Bàbá ti kà á tán.