Ẹ̀rọ Ní Àṣẹ, Ìgbì Kò Ní

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ìyàwó mi ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́, kò sì fẹ́ràn fóònù. Ọmọ wa obìnrin, ẹnjinníà, wá ṣe ẹ̀rọ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ kan sílé rẹ̀, ó fi ń kí ìyá rẹ̀ lórí rédíò láràárọ̀.

Aládùúgbò wa tó ń wa ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn ní, "Bàbá, ohùn ọmọ yín ń bo tiwa mọ́lẹ̀ lórí rédíò ọkọ̀ wa o!"

Ọmọ mi ní, "Ẹ̀rọ yẹn ní àṣẹ ìjọba."

Mo ní, "Ìgbì rédíò tí ohùn rẹ ń gbà ńkọ́, ṣé ó ní àṣẹ?"

Ó ní rárá. Mo ní kó pa ẹ̀rọ náà.

Láàárọ̀ yìí, ìyàwó mi ní, "Bàbá, ẹ yí rédíò dáadáa, ẹ ò tíì dé ibi tí ohùn ọmọ wa wà." Mo ń yí i. Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n sọ fún un?