Orúkọ Tí Ìyá Rẹ Ń Pè Mí Lẹ́yìn

Àkọ́bí mi,

Ìyá rẹ kú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lọ́jọ́ kejì òjò àkọ́rọ̀. O mọ̀, o wà níbẹ̀ nígbà tí a sin ín, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé àlàáfíà lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí n tún sunkún lórí ẹnikẹ́ni nínú yín. Èmi náà wà. Òrùlé ń jò, ewúrẹ́ bímọ, mi ò sì tíì kú. Télọ̀ ọ̀kánkán ilé wa ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, mo ti kìlọ̀ fún un kó má tún ọ̀rọ̀ mi rán.

O mọ̀ pé kò sí fọ́tò ìyá rẹ kankan nílé. Àṣé ó ya ọ̀kan kí àìsàn tó dá a dùbúlẹ̀, kò sọ fún mi. Oníkọ̀ǹpútà ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ ló tú àṣírí. Ọkùnrin náà ní íǹkì ti tán nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ́jọ́ náà, ohun tó yẹ kó jáde sórí bébà wá lọ jókòó sínú fáìlì. Mo bi í pé ṣé inú àpótí yìí ni ìyàwó mi wà láti ọjọ́ tí mo ti ń sunkún. Ó ní, Bàbá, ẹ lè pè é bẹ́ẹ̀.

Mo ní kó ṣí i. Ó ní irú fáìlì yìí kì í ṣí béèyàn bá kàn fọwọ́ tọ́ ọ, àṣẹ ni wọ́n fi ń ṣí i. Ó tẹ nǹkan kan, ojú kọ̀ǹpútà wá dúdú kirikiri. Mo dìde, mo tún fìlà dé, mo pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà náà lóhùn tí mo fi ń lé ewúrẹ́ jáde ní yàrá. Kò mira. Àwọn oníbàárà ló sá jáde. Ọkùnrin náà ní wọn kì í pariwo àṣẹ, títẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Mo bọ́ bàtà. Ó yára fa pátákó tó ní lẹ́tà yẹn kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó ní ìka ni, Bàbá, ìka.

Òun fúnra rẹ̀ wá tẹ̀ ẹ́: orúkọ ohun tó ń ṣí fáìlì lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà orúkọ fáìlì. Ibẹ̀ la há sí. Ó ní òun kò rí ohun tí ìyá rẹ tẹ̀, pé ìyá rẹ ló fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ orúkọ fáìlì náà, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ní orúkọ tí òun ń pe ọkọ òun lẹ́yìn ni.

Mo bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn tó dùn. Olówó-orí-mi. Ẹ̀rọ ní kò sí ẹni bẹ́ẹ̀. Adé-orí-mi. Kò sí ẹni bẹ́ẹ̀. Mo bi ẹ̀rọ náà pé ta ló sọ fún un pé obìnrin náà ti kú tó fi ń dá mi lóhùn báyìí. Mo wá gbà pé ká tẹ Agídí. Kò sí. Ahun ńkọ́? Kò sí. Oníbàárà kan tó ti padà wọlé, tí mi ò mọ̀ rí, ní ká gbìyànjú Bàbá Oníkanra. Ìyẹn náà, kò sí.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, oníkọ̀ǹpútà yìí máa nu inú kọ̀ǹpútà náà mọ́, yóò tà á. Ojú ìyá rẹ sì ti ń parẹ́ lọ́kàn mi, etí rẹ̀ nìkan ni mo ṣì ń rí dáadáa.

Ẹ̀yin ọmọ mọ orúkọ náà. Mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín yín nílé ìdáná, tí mo bá ti wọlé, gbogbo yín á dákẹ́. Bó ti wù kó burú tó, fi orúkọ náà ránṣẹ́ sí oníkọ̀ǹpútà, kí o sì fi owó íǹkì kún un, kí fọ́tò náà má tún lọ jókòó sínú fáìlì. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ̀rín wọ́n nílé tìrẹ náà, kódà bó jẹ́ ìwọ ni wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Ìwọ ni àkọ́bí, mo fà á lé ọ lọ́wọ́. Bú mi, kí n lè rí ìyá rẹ.

Bàbá rẹ.